Ẹ dá ife ọmọ náà padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé ìránṣọ ni mo ní nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà, ọmọṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wúkọ́ láti bí oṣù kan. Mo ti ya ife àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Oògùn apakòkòrò wo ni kí n máa fín sí ṣọ́ọ̀bù kó má baà ran àwọn yòókù?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ gbé oògùn fífín tì ná. Ọ̀rọ̀ ife àti ṣíbí yìí ti sú mi í dáhùn. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bínú sí o, àwọn tó ń ta oògùn ayédèrú kiri ṣọ́ọ̀bù ni.

N kò tíì fojú kan ọmọ náà, nítorí náà n kò sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí a ń pè ní TB, ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ òun ni, kì í ti ara ife, ṣíbí, aṣọ tàbí bíbọwọ́ ràn. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Bí ẹni tí TB wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá wúkọ́, tàbí tó ń kọrin pàápàá, kòkòrò rẹ̀ lè léfòó nínú yàrá fún wákàtí mélòó kan. Oògùn tí ẹ fín sílẹ̀ àti sára ògiri kò kan afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń mí símú. Ó tiẹ̀ lè dá ikọ́ mìíràn sí wọn lára.

Mo mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé, èéfín ń wọlé, ẹ bá ti fèrèsé pa, ẹ tan fáànù. Afẹ́fẹ́ kan náà ni fáànù ń pò kiri. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó dojú kọra. Owó oògùn yẹn, ẹ fi ra wáyà gígùn.

Ife tí ẹ yà sọ́tọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ti sọ fún àwọn mẹ́jọ yòókù pé kí wọ́n fi ikọ́ tiwọn pamọ́. Ta ni yóò sọ fún yín pé ara òun kò yá, bó bá mọ̀ pé ẹ ó gé owó òun tàbí pé ẹ ó lé òun? Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní owó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún bí àìsàn bá dá a dúró, tí dókítà sì fọwọ́ sí i. Bóyá ó kan ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ bi lọ́yà. Èmi ò ní dúró de òfin.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild kò jìnnà sí yín. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe àyẹ̀wò àti oògùn TB; ẹ ṣáà fún un lówó ọkọ̀. Oṣù mẹ́fà ni oògùn rẹ̀ sábà máa ń gbà, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró láàárín. Bó bá ti lò ó dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kì í sábà ran ẹlòmíràn mọ́, àmọ́ irú TB tí oògùn wọ̀nyí kò ká yàtọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tó lè padà síṣẹ́. Bí àyẹ̀wò bá fi TB hàn, kí gbogbo yín lọ ṣe tiyín, ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ mú un lọ lọ́la. Kí ẹ tó jáde, ẹ dá ife rẹ̀ padà sáàárín tàwọn yòókù.