Kòkòrò orí igi ọsàn wẹ́wẹ́: ẹ jẹ́ kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé pé ẹyin ló ń di kòkòrò, kòkòrò á di púpà, púpà á di labalábá. Wọ́n kọ́ ọ sórí, wọ́n sì gba máàkì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí kòkòrò kan lórí igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa, Táíwò bọ́ bàtà, ó fi gbá a pa. Mo ní labalábá ló pa yẹn, ó ní irọ́ ni, ó ní labalábá ní ìyẹ́. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kó yé wọn? Ṣé kò sì léwu tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án?
Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Táíwò kò jẹ̀bi. Àwòrán ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi hàn án, kò tíì rí kòkòrò kan ṣoṣo láti kékeré títí tó fi hu ìyẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í gba ohun tí ojú rẹ̀ kò rí gbọ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Òṣogbo yìí, n kò rí ohun ìkọ́ni tó tó igi ọsàn wẹ́wẹ́ yín yẹn.

Ẹ mú wọn lọ sídìí rẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n wo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Labalábá ńlá dúdú tó ní àmì aláwọ̀ ìyeyè lára ló máa ń yé ẹyin roboto sórí ewé ọsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò tó bá pa jáde á dúdú, á ní funfun lára, ẹ ó rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ló kán sórí ewé. Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹyẹ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa. Awọ rẹ̀ kì í fẹ̀ tó bó ṣe ń dàgbà, nítorí náà á máa bọ́ ọ léraléra, tó bá yá, á di aláwọ̀ ewé. Tí ẹ bá tọ́ ọ, ìwo rírọ̀ kan tó là sí méjì, tó pupa rúsúrúsú, á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn á sì gba gbogbo ibẹ̀. Kò ní oró. Kí wọ́n ṣáà fọ ọwọ́. Kòkòrò onírun ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn rárá, torí irun àwọn mìíràn máa ń yún ni, ó sì ń mú ara wú.

Ẹ gé ẹ̀ka tí ọ̀kan wà lórí rẹ̀ sínú ike ńlá tó mọ́ gaara. Ẹ fi ègé àwọ̀n ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀, ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ má gbé e sínú oòrùn. Ewé ọsàn tútù lójoojúmọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fín oògùn sí. Kẹ́hìndé ni kó máa pààrọ̀ ewé, kí Táíwò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní jẹun mọ́. Á rìn kiri, á fi òwú tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde so ara rẹ̀ mọ́ igi, á bọ́ awọ ìkẹyìn, á sì dákẹ́. Púpà nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti ń sú àwọn ọmọdé, ibẹ̀ sì ni èmi fẹ́ràn jù: ìyẹ́, ẹsẹ̀ gígùn, àti ẹnu tí yóò fi máa fa omi òdòdó, inú ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń tò. Ó lè gba bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n là á wò. Tí bàbá wọn bá ní sányán, ẹ mú un jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n fọwọ́ pa á: kòkòrò inú igbó ló ta òwú yẹn, kí àwọn èèyàn wa tó ran án, kí wọ́n tó hun ún.

Tí labalábá bá jáde, ìyẹ́ rẹ̀ á tutù, á sì ká jọ. Kí igi kan wà nínú ike tó lè gùn, kó so rọ̀ níbẹ̀ títí ìyẹ́ á fi nà tí á sì gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́. Omi díẹ̀ á kán sílẹ̀ lára rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò kéékèèké tó jọ agbọ́n ló ń jáde dípò labalábá, torí ìyá wọn ti yé ẹyin sí i lára. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì wá òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, igi ẹ̀yìnkùlé ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tó bá mú ọmọ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, kí wọ́n wò, kí wọ́n má mú ohunkóhun. UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí èèyàn ṣọdẹ tàbí gé igi níbẹ̀ kí UNESCO tó dé.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, Mà. Ṣé gbogbo kòkòrò ló ń gba ìpele mẹ́rin kọjá?
Tíṣà, Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Rárá, Tíṣà. Tata, aáyán àti ikán kò ní púpà. Ọmọ tata tó bá ti inú ilẹ̀ jáde ti jọ ìyá rẹ̀, ìyẹ́ ni kò tíì ní. Ẹ̀fọn ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹyin, tanwíjí, púpà, ẹ̀fọn. Tí ẹ bá bu tanwíjí sínú ìgò fún kíláàsì, ẹ fi àwọ̀n dè é pinpin, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti ń fò. Tí àwọn ọmọ bá ti rí i, ẹ gbé ìgò náà sínú oòrùn gangan títí gbogbo wọn á fi kú, kẹ́ ẹ tó tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn jáde, kí wọ́n máa da omi inú agolo àti táyà tó wà lọ́gbà nù.