Ìjọba ń bọ̀ wá tún páàkì àdúgbò wa ṣe, kí la máa bèèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni mí ládùúgbò wa ní Mushin. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ìjọba tún ilẹ̀ gbalasa kan ṣe fún wa, wọ́n tẹ́ interlock, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ti gbẹ báyìí, mọ́tò làwọn kan ń páàkì síbẹ̀. Wọ́n tún láwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Kí la máa bèèrè kówó yìí má tún wọgbó? Ta ló tiẹ̀ ni ín, kánsù àbí state?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú làálàá àdúgbò. Ẹ jẹ́ n mú ti ẹni tó ni ín kúrò ńlẹ̀ kíá. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ṣíṣe páàkì àti ilẹ̀ gbalasa àti ìtọ́jú wọn mọ́ iṣẹ́ kánsù, ṣùgbọ́n l'Ékòó, state náà ní LASPARK, àjọ tó ń bójú tó páàkì àti ọgbà, tí òfin 2011 dá sílẹ̀. Torí náà ẹ bi wọ́n, àpò ta lowó yìí ti ń bọ̀, kí wọ́n sì fi dáhùn nínú lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Owó iṣẹ́ tuntun, tí wọ́n ń pè ní kápítà, wọ́n máa ń rí i, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, tẹlifíṣọ̀n á wá, àmọ́ owó gádínà, owó omi, owó ẹni tó máa gbálẹ̀ láràárọ̀, àpò ọ̀tọ̀ nìyẹn, rikọ́ńtì, tí ò bá ti sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn, ó parí nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya plan ọgbà, tí mo bá dé páàkì tó ti kú, ẹ̀rọ omi ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sí, tàbí kó wà kómi má yọ. Kò síbi tí koríko kápẹ́ẹ̀tì ti máa la ọ̀gbẹlẹ̀ já láìsí omi, kódà kí wọ́n gbin èyí tó dáa jù.

Lẹ́yìn omi, ẹ wo ìdí igi. Wọ́n á ti interlock débi ìtì igi gan-an, yanrìn tó wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rọ kì í títí ó fi le bí òkúta, òjò á rọ̀, gọ́tà ló máa ṣàn lọ, gbòǹgbò ò rómi, kò rí atẹ́gùn, igi ò ní lè dàgbà dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ yí igi ká, ó kéré tán mítà kan lọ́tùn-ún lósì. Igi tó ń ṣe ìbòòji ni kí wọ́n gbìn, igi frútù (almond) tàbí dóńgóyárò, kì í ṣe igi masquerade gígùn yẹn, ó rẹwà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó sábẹ́ ẹ̀? Kí wọ́n sì gbìn ín bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, April sí June. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní December torí kí wọ́n lè tètè ṣí páàkì, á ti gbẹ kí February tó parí.

Ẹ ní kó wà nínú kọntiráàtì pé kọngílá á máa bomi rin ín fún ọdún kan, á pààrọ̀ èyí tó bá kú, kó tó gba owó tó kù. Ti mọ́tò, géètì ò lè yanjú ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ tà fáwọn onírin. Òpó kọnkéré kúkúrú ni kí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìyá tó ń ta pọ́fpọ́f nítòsí, ẹ má lé e o, ibi tí èèyàn bá ń jókòó sí láàárọ̀ àti lálẹ́, ó máa ń ṣòro fún ọmọ ìta láti gbà á.

Àwọn kan á ní kẹ́ẹ máa fi háyà fún pátì kẹ́ẹ lè rówó tọ́jú ẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ ní Freedom Park ní Broad Street, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i fún ìgbafẹ́ lọ́dún 2010, ibẹ̀ láàyè, ó lẹ́ni tó ń bójú tó o. Páàkì kékeré tiyín, kánópì ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta á ti pa koríko ẹ̀ tán.

Tí wọn ò bá fún yín ní plan àti iye owó iṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin FOI ti 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Kí October tó dé, kí wọ́n tó gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀, ẹ kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ yín àti aṣòfin yín pé kówó ìtọ́jú wà níbẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ páàkì yín gan-an, torí tí wọ́n bá kàn kọ "ìtọ́jú ọgbà" lásán, ẹ̀gbẹ́ títì ńlá ni gbogbo ẹ̀ máa lọ.