Ọ̀pọ̀ Báńkì Nìkan Kọ́ Ló Ń Mú Ìdíje Wá

Ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Gwagwalada, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní bí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ìyẹn CBN, bá dín owó tó ń béèrè kí ènìyàn tó dá báńkì sílẹ̀ kù, àwọn báńkì kéékèèké yóò pọ̀ sí i, wọn yóò máa bá ara wọn du oníbàárà, èlé orí owó àyálò yóò sì wálẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀yáwó ní Kánò kí n tó fẹ̀yìn tì sí Abuja, ojú mi sì rí ìgbà kan tí ìjọba ṣe ohun tí ẹ ń fẹ́ yìí gan-an. Báńkì pọ̀ lóòótọ́. Èlé kò wálẹ̀.

Ní 1985, bíi 40 báńkì ló wà ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 1986, ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, wọ́n mú kí ó rọrùn láti gba ìwé àṣẹ, wọ́n ṣí ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ 1987, wọ́n ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan máa dá iye èlé tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1992, báńkì ti tó bíi 120. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè yóò sọ pé ìdíje dé. Ṣùgbọ́n dọ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń du. CBN ń ta dọ́là fún àwọn báńkì ní iye kan, àwọn tó ń rà á ní ọjà ìta sì ń san iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ ní ẹ̀tọ́ láti wá gba ìpín tirẹ̀, èrè tó sì wà láàárín iye méjèèjì tó gbé ilé iṣẹ́ kan ró, bí kò tilẹ̀ yá àgbẹ̀ kankan ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ báńkì tuntun kò fi ní ju ẹ̀ka díẹ̀ lọ, tí olú ilé iṣẹ́ wọn sì wà ní Èkó, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pín dọ́là.

Èmi náà kúrò ní báńkì àtijọ́ bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Owó oṣù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n sì fún mi ní ọkọ̀. (Ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ wá gbà nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀.) Wọ́n ń já òṣìṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn débi pé ẹni tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ ń di máníjà ẹ̀ka, kò sì sí àgbà tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń yẹ ẹni tó fẹ́ yáwó wò. Àṣẹ tí Èkó fún ẹ̀ka wa ní Kánò ni pé kí a kó owó jọ. Àwọn mákẹ́tà wa ń jókòó ti àwọn oníṣòwò aṣọ ní Kantin Kwari títí wọn yóò fi mú owó wá, èlé tí a sì ń ṣèlérí fún wọn ga ju ti báńkì àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí Alhaji kan láti ọjà ọkà Dawanau bá fẹ́ yáwó fi ra jéró àti ọkà bàbà nígbà ìkórè, ẹ̀ka kò ní agbára láti fọwọ́ sí i. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó, kí wọ́n sì tó fèsì, ọkà ti gbówó lórí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lédè Hausa pé ṣé owó òun kò mọ ọ̀nà padà sí Kánò ni. N kò rí èsì fún un.

Kí ló dé tí kò kó owó rẹ̀ lọ síbòmíràn? Ṣẹ́ẹ̀kì tó bá ti ìlú kan wá sí òmíràn ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí owó tó jáde. Àkọsílẹ̀ bí ó ṣe ń san gbèsè wà nínú fáìlì wa níbi tí báńkì mìíràn kò ti lè rí i, ìwé ilé tó sì fi dógò wà nínú àpótí irin wa. Báńkì mẹ́wàá ìbáà wà ní òpópónà kan náà, ọwọ́ wa ni ọkùnrin náà wà. Bí ẹ kò bá mú ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí: bí ó ti rọrùn tó fún oníbàárà láti fi báńkì sílẹ̀ ni yóò sọ bí ìdíje ti pọ̀ tó.

Ìṣubú kò pẹ́. Ní 1989, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n kó owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kúrò nínú báńkì lọ sí CBN, ojú ẹsẹ̀ la sì mọ àwọn báńkì tó jẹ́ pé owó yẹn nìkan ni wọ́n gbára lé. Wọ́n dá ìwé àṣẹ tuntun dúró ní 1991. Ní 1994, ìjọba Abacha ní èlé àyálò kò gbọ́dọ̀ ju 21% lọ, wọ́n sì ṣe òfin tí wọ́n fi gbé àwọn ajigbèsè àti àwọn ọ̀gá báńkì lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kìíní 1998, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26. Báńkì tiwa kò la àwọn ọdún wọ̀nyẹn já. Àwọn oníbàárà tí a ti bẹ̀ kí wọ́n mú owó wá ń wá mi wá sílé ní Sábóńgárì. Iye tí NDIC, àjọ adójútòfò owó ìfowópamọ́, lè san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà náà kò ju ₦50,000 lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró títí wọn yóò fi ta dúkìá báńkì, kí wọ́n sì gba gbèsè tó wà níta. Àwọn kan kú kí ó tó kàn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gba ọ̀nà kejì. Soludo, gómìnà CBN, kéde ní oṣù Keje 2004 pé owó ìpìlẹ̀ báńkì yóò kúrò ní ₦2 bílíọ̀nù, yóò di ₦25 bílíọ̀nù, báńkì 89 sì di 25 nígbà tí 2005 parí. Bank of the North, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kánò ní 1959, wọ inú àwọn tó di Unity Bank. Báńkì wá tóbi, ṣùgbọ́n títóbi kò kọ́ wọn ní ọgbọ́n: wọ́n ń yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ìpín lọ́jà, nígbà tí iye ìpín sì já lulẹ̀, Sanusi, ọmọ Kánò tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kẹjọ 2009, ó sì fi ₦420 bílíọ̀nù gbé àwọn báńkì náà ró.

Ìdíje tó ṣe aráàlú lóore gan-an dé láti ibi tí àwa òṣìṣẹ́ báńkì kò fojú sí. Láti 2011 ni owó ti ń kọjá láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, BVN, nọ́ńbà tí a fi ń dá oníbàárà mọ̀ ní gbogbo báńkì, dé ní 2014, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 sì ni CBN ti ní iye tí wọn yóò gbà fún fífi owó ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ₦50 lọ. Ọ̀nà yìí ni OPay àti Moniepoint, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi fóònù àti ẹ̀rọ POS ṣe iṣẹ́ owó, gbà wọlé. Nígbà tí náírà bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn aláte ní ọjà Wuse fi báńkì ńláńlá sílẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ máníjà kankan. Ẹ kíyè sí i pé òfin ló la ọ̀nà yẹn.

Ní ti èlé tí ẹ ń kérora lé lórí, iye báńkì kọ́ ló gbé e sókè. Ní oṣù Kọkànlá 2024, èlé ìpìlẹ̀ CBN, tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó dá iye èlé tiwọn, dé 27.5%, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pàṣẹ lọ́dún náà pé kí báńkì máa kó ìdajì owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ òun. Ìdajì tó kù ló ní láti ru owó oṣù, epo jẹnẹrétọ̀ àti èrè nígbà náà. Bí wọ́n bá fún 50 ènìyàn ní ìwé àṣẹ lọ́dún náà, ìṣirò kan náà ni wọn ìbá bá pàdé. Mo gbà pé owó ìpìlẹ̀ ₦200 bílíọ̀nù tí CBN kéde ní 2024 fún báńkì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà ga. Síbẹ̀, ohun tí màá kọ́kọ́ jà fún ni kí àwọn báńkì máa lo òfin 2017 tó gba ènìyàn láàyè láti fi ọkà, màlúù tàbí ẹ̀rọ dógò, nítorí pé Alhaji Dawanau ní ọkà rẹpẹtẹ nínú ilé ìṣúra, ìwé ilé ni kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ yín, ẹ béèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, bóyá ẹ̀ka Gwagwalada ni tàbí Èkó, kí ẹ tó béèrè iye èlé. Láti 2024, ₦5 mílíọ̀nù ni NDIC lè san padà fún oníbàárà báńkì ńlá tó bá kógbá sílé, ₦2 mílíọ̀nù sì ni ti máíkìrófínáǹsì. Bí owó ẹgbẹ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín in sí báńkì méjì ó kéré tán, kí ó má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó níbi méjèèjì.