Òdo tèmi wà nínú máàkì Dragon Age II tí o rí yẹn

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ti parí géèmù Dragon Age: Origins, ó dùn mọ́ ọ wọ egungun, o wá fẹ́ ra apá kejì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Kútọnu. O lọ wo Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì géèmù jọ, o bá a pé àwọn lámèyítọ́ fún un ní 82 nínú 100, àwọn tó gbá a fún un ní ohun tó lé díẹ̀ ní 4 nínú 10. O ní ta ni kí o gbà gbọ́.

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Òdo kan wà nínú 4 yẹn tó jẹ́ tèmi. Ọdún 2011 ni mo fi í síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí inú ń bí mi, tí mi ò sì tíì gbá eré náà ju wákàtí mẹ́fà lọ. Apá mẹ́ta ni ìtàn rẹ̀ ní. Mi ò tíì jáde nínú apá kìíní.

Nígbà náà mo ní ilé géèmù kékeré kan nítòsí ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, PlayStation 3 méjì, PlayStation 2 méjì, bẹ́ńṣì onípákó, àti fáànù kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. 100 fráǹkì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Géèmù bọ́ọ̀lù ló ń mówó wọlé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ márùn-ún kan wà tí wọ́n sọ Origins di ilé. O mọ irú eré tó jẹ́: o wọ awọ ẹlòmíràn, o yan ibi tó ti wá, o yan ohun tó máa sọ, ẹni tó máa pa àti ẹni tó máa dá sí. Kì í ṣe eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á ra wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan á di manette, ohun tí a fi ń darí eré, mú, àwọn mẹ́rin tó kù á máa bá ara wọn jà lórí èsì tó yẹ kó fọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Pobè, ti fi elfe inú igbó (elfe ni ẹ̀yà elétí ṣóńṣó inú eré náà) parí rẹ̀, ó tún fi elfe inú ìlú parí rẹ̀, débi pé Elfe la wá ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ gbàgbé orúkọ tó sọ ọ́.

Apá kejì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2011. Máàkì ni mo wò. Mo rí mẹ́jọ, mo rí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, mo ní ọjà dé. Mo kó 35.000 fráǹkì tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún fáànù tuntun, mo fi rà á. Àwọn ọmọ mi márùn-ún ti san 500 fráǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí disiki tó dé.

Ọjọ́ Sátidé pé. Elfe gba manette, ó ń wá ibi tí yóò ti yan elfe. Kò sí. Nínú Origins ọ̀nà mẹ́fà ni èèyàn lè gbà bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọlọ́lá, elfe inú ìlú, elfe inú igbó, aràrá ìdílé ọba, aràrá tálákà, tàbí oṣó tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé gogoro. Nínú èyí, Hawke ni ọ́, ọmọ èèyàn ni ọ́, ó tán. O lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, o lè jẹ́ jagunjagun, oṣó, tàbí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ yọ́ kẹ́lẹ́ jà. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí mo jí adìẹ rẹ̀ pa.

Ó kù. Ihò àpáta tí wọ́n wọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n tún wọ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn kan ni wọ́n tì pa, wọ́n ṣí òmíràn, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ìgbà kẹta, gbogbo ilé géèmù hó yèè. Bí wọ́n bá pa ọ̀tá tán, òmíràn á já bọ́ láti orí òrùlé, ní àárín ìgboro, bí ẹni pé òjò ọ̀tá ló ń rọ̀. Lórí PlayStation, nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o ní láti máa tẹ X fún gbogbo idà tí o bá jù. Wọ́n tún ìyẹn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì wo ni mo ní ní Ouando? Manette àlòkù ni tèmi, àwọn ọmọ náà sì ń fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. X méjì wọlé sínú, wọn ò jáde mọ́.

Wọ́n ní kí n dá owó wọn padà. Mo dá 2.500 padà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí sáíbà, mo tẹ òdo. Àbúrò mi, fáànù tí mi ò rà ni mo ń bá ṣẹjọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àti ojú tí Elfe fi wò mí.

Kí o má baà rò pé èmi nìkan ni: ní oṣù kan náà, àṣírí tú pé òṣìṣẹ́ kan ní BioWare, iléeṣẹ́ tó ṣe eré náà, lọ fún un ní 10 lórí Metacritic láìsọ ibi tó ti ń gbowó oṣù. EA tó ni BioWare kò sẹ́ ẹ, wọn ò tilẹ̀ rí àléébù nínú rẹ̀. Òun mẹ́wàá, èmi òdo. Ọ̀kan ń gbèjà oúnjẹ rẹ̀, ọ̀kan ń ṣọ̀fọ̀ fáànù. Àwọn bí àwa ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n fi rí 4 yẹn.

Ṣé ti àwọn lámèyítọ́ wá jẹ́ òtítọ́? Díẹ̀. Lọ ka ohun tí wọ́n kọ, kì í ṣe nọ́ńbà. O ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ nípa ihò àpáta yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀tá tó ń já bọ́. Origins gba 91 lọ́wọ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà, apá kejì gba 82. Àwọn náà rí i pé nǹkan relẹ̀. Àwọn fi máàkì mẹ́sàn-án sọ ọ́, àwa fi ẹkún sọ ọ́. Ẹni tó ń kọ ìwé lórí géèmù sábà máa ń gba disiki kí ó tó dé ọjà, á jókòó tì í fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á kọ ọ́, á gbé òmíràn. Kò fi oṣù mẹ́rìndínlógún ronú nípa elfe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dá 500 fráǹkì padà.

Ọmọ Kétu ni ìyá mi. Lọ́dún kan tí mo bá a lọ sílé, a jókòó sí òru Ẹ̀fẹ̀, òru tí Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde jó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ọmọ ló gba ipò bàbá rẹ̀ tó ti kú. Àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn wa ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi fóònù yà á. Ohùn ọmọ náà dára lóòótọ́. Ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn ń mi orí ni. Mo ní, "Màmá, ṣé kò dùn mọ́ yín ni?" Ó ní, "Ó dùn. Bàbá rẹ̀ ni mò ń retí."

Elfe kọ́ ni ó parí Dragon Age II ní ṣọ́ọ̀bù mi. Aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà ni, Ìyá Ìbejì. Kò rí Origins rí láyé rẹ̀. Ó gbé fóònù wá kí n bá a gba iná sí i, ó bá mi níbi tí mò ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá disiki náà ṣì wúlò fún nǹkan kan. Ibi tí mo wà ni ìbẹ̀rẹ̀. Hawke àti ẹbí rẹ̀ sá fún ogun ní Lothering, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kú lójú ọ̀nà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Kirkwall tó jẹ́ ìlú ìyá wọn, wọ́n bá ẹnu bodè ní títì fún asásálà. Arákùnrin ìyá wọn, Gamlen, jáde wá pàdé wọn, kò lè wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ilé ẹbí ti lọ, ó ti fi san gbèsè.

Ìyá Ìbejì gbé fóònù sílẹ̀. "Ó ta ilé bàbá wọn? Pàtọ́rọ̀n, ẹ jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ dáadáa."

Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ti ìsọ̀ tirẹ̀, ó ti dé. Ó ka Faransé abẹ́ àwòrán yá ju èmi lọ. Kò sanwó, ó rán kọ́tìnì fún ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń pe Gamlen títí eré fi parí, mi ò béèrè ìdí. Nígbà tí iná lọ tí a pàdánù wákàtí méjì, kò bínú, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi eré pamọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Ihò àpáta tó ń tún ara rẹ̀ ṣe? Ó ní, "Ṣé ọjà Ouando kọ́ ni èmi náà ń lọ lójoojúmọ́ ni?" Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un, ihò yẹn kò dára. Oṣù mẹ́rìndínlógún péré ló wà láàárín ìgbà tí Origins jáde àti ìgbà tí èyí jáde, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lo ju ọdún márùn-ún lọ lórí Origins. Ìkánjú wà lára rẹ̀, ojú ń rí i.

Ohun tó dé bá ìyá Hawke ní apá kejì ìtàn náà, mi ò ní sọ ọ́ fún ọ. Ìyá Ìbejì kò wá fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó padà, ó ní òun lọ kí ìyá òun ní Sakété.

Òun ló jẹ́ kí n padà bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo wá rí ohun tí mi ò rí nígbà tí mò ń wá Origins nínú rẹ̀. Eré àkọ́kọ́, ayé lo ń gbà là. Èyí, ilé lo ń wá. Ìlú kan náà, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, o ń wo bí àwọn Qunari, ẹ̀yà àlejò oníwo, tí ọkọ̀ wọn rì ṣe ń di ìṣòro ní èbúté, bí àwọn oṣó àti àwọn tó ń ṣọ́ wọn ṣe ń fẹjú mọ́ra, o sì mọ̀ pé kò sí èsì tí o fọ̀ tó máa dá a dúró. Ní Kétu, ìyá mi àgbà máa ń sọ ìtàn àwọn tí ogun Dàhọ̀mì kó lọ sí Agbómẹ̀ ní 1886, àti bí àwọn tó padà wálé lẹ́yìn náà ṣe ń bi ara wọn léèrè pé ilẹ̀ ta nìyí, ta ló dá oko síbí. Mi ò rò pé àwọn tó jókòó ní Edmonton ní Kánádà ń ronú nípa wa. Ṣùgbọ́n ojú Gamlen níwájú ẹnu bodè yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Má wá fi èyí sọ pé ẹni tó bá ń bínú kò jàre láéláé o. Wo géèmù mìíràn, Dragon's Dogma 2, ní 22 oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn lámèyítọ́ yìn ín gan-an. Ọjọ́ tó dé ọjà, àwọn tó rà á lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, bá nǹkan pẹ́ẹ̀pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń tà lówó ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré tí wọ́n ti fi owó gidi rà, ohun tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kò rí nígbà tí wọ́n ń gbá tiwọn. Bí wọ́n bá wọ ìgboro, èrò ibẹ̀ á di ẹrù lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà lórí, eré á máa fà. Níbẹ̀, àwọn tó sanwó ló jàre. Ohun tí wọ́n rà kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò fún wọn. Ìbínú tiwa ní 2011 yàtọ̀: gbogbo ohun tí à ń pariwo lé lórí ni lámèyítọ́ ti rí.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ wo máàkì, fo 0 àti 10. Wá àwọn tó fún un ní 5, 6, 7, kí o ka ìdí. Bí ìdí wọn bá jẹ́ "wọn ò jẹ́ kí n jẹ́ elfe", kí ìyẹn sì ṣe pàtàkì sí ọ, má rà á. Ìwọ lo sọ pé ó wọ egungun, nítorí náà ó máa dùn ọ́, mò ń sọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá rà á, gbé Origins tí o ti parí wọ inú rẹ̀, ó máa rántí àwọn nǹkan kan tí o ṣe. Má ṣe gbogbo iṣẹ́ kéékèèké tó bá ní ihò nínú. Gbá Legacy, àfikún rẹ̀ tó jáde ní oṣù keje 2011. Àwọn tó ń sọ fún ọ pé kí o fò ó lọ sí Inquisition ti 2014 ń gbà ọ́ ní ìmọ̀ràn burúkú. O ó débẹ̀, o ó bá Varric àti Cassandra, àwọn méjì tí o ó ti kọ́kọ́ pàdé nínú apá kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta ko ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní yé ọ.

Mo ti gbìyànjú láti lọ pa òdo mi rẹ́. Àdírẹ́sì ìgbà sáíbà ni mo lò, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti lọ lórí mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Tí ará Kútọnu yẹn bá pè é ju 5.000 lọ, fi í sílẹ̀ fún un. Disiki tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo máa yá ọ, tí Ìyá Ìbejì bá ti dá a padà.