Ìbéèrè yín: Irúgbìn tó wọ aṣọ, kí la lè fi kọ́ ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, JSS 2 ni mò ń kọ́. Ọmọ kan mú àgbàdo pupa wá sí kíláàsì, irúgbìn tí bàbá ẹ̀ rà ni, ó ní kí ló dé tí wọ́n kùn ún lọ́dà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nǹkan gidi, kí tíṣà màtíìsì àti ti ágíríkì náà bá mi dá sí i, àmọ́ a ò ní láàbù. Báwo ni kí n ṣe é?
Tíṣà kan, Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ gba àgbàdo yẹn, kí ọmọ náà fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa. Oògùn kòkòrò àti oògùn tí kì í jẹ́ kí irúgbìn jẹrà nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n wá fi àwọ̀ sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi lọ ògì. Ẹ má fi ṣeré rárá.

Irúgbìn ewédú ni kẹ́ ẹ lò. Aṣọ tí Ọlọ́run wọ̀ fún un, ìyẹn èèpo ara ẹ̀, le, omi ò ráyè wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ fi ń rì í bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó fọ́n ọn. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, 50 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ má fọwọ́ kan ìkíní, ẹ di ìkejì sínú aṣọ, kẹ́ ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré kẹ́ ẹ sì jù ú sómi tútù, ìkẹta 10, ìkẹrin kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 gbáko. Ẹ tẹ́ wọn sórí tíṣù tútù nínú àwo, ẹ bò ó, bó bá di bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta ẹ ó máa rí gbòǹgbò funfun tó ń yọ lára àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ìkíní yẹn kúrò torí pé kò ṣe nǹkan kan, òun gan-an la fi máa mọ̀ pé omi gbígbóná ló ṣiṣẹ́.

Kí wọ́n tó rì í, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò pó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sọ fún wọn o. Tí 38 bá hù nínú 50, tíṣà màtíìsì ti ríṣẹ́ nìyẹn, 76 nínú 100, kí wọ́n ya gíráàfù ẹ̀. Èyí tó jinná pátá, ẹ̀yin lẹ máa fi kọ́ wọn bí ooru ṣe ń gba èèpo kọjá lọ pa ọlẹ̀ inú irúgbìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn náà wọ aṣọ fún ẹ̀wà: sítáàṣì nìkan, sítáàṣì pẹ̀lú eérú, sítáàṣì pẹ̀lú amọ̀ tí wọ́n kù, àti èyí tí ò wọ nǹkan kan, kí wọ́n wá wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa hù. Ẹ fi lítímọ́ọ̀sì, bébà tó máa ń yí àwọ̀ padà, wo omi eérú yẹn, kẹ́mísìrì ti wọlé. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ọmọ tó ṣe é fúnra ẹ̀ á mọ ohun tó wà lára àgbàdo pupa yẹn. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, náà ò jìnnà sí yín, wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń mójú tó irúgbìn, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.

Ìwé kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí, kí ẹ̀yin tíṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máàkì ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ o, kó má lọ hù lọ́jọ́ Sátidé tí ò sẹ́ni tó máa kà á.