Sìkánà rí "nǹkan dúdú" nínú kọ̀nténà yín: ẹ má tíì fowó ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ẹ kú wàhálà o. Ẹ ní ajẹ́ńtì tó ń bá yín gba ẹrù ní èbúté pè yín láti Àpápá pé sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú kọ̀nténà láì ṣí i, rí nǹkan dúdú kan tó jọ ìbọn, kí ẹ tètè fowó ránṣẹ́ kí àwọn NDLEA tó gbọ́. Láti ìgbà wo ni ìbọn ti di iṣẹ́ NDLEA? Egbòogi olóró ni tiwọn.

Sìkánà ò mọ ìbọn, kò sì mọ igbó. Bí ẹrù ṣe ki tó ló ń wò. Ibi tí irin bá pọ̀ sí, ìtànṣán rẹ̀ ò ní ráyè kọjá, àwòrán á dúdú kirikiri, ohun tó bá wà lẹ́yìn irin náà ò sì ní hàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ló ń fi búlúù hàn fún irin, tí wọ́n á fi àwọ̀ ọsàn hàn fún oúnjẹ, aṣọ àti igi. Egbòogi olóró náà, àwọ̀ ọsàn ni, òun àti ìyẹ̀fun yín. Aṣọ́bodè tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló ń fojú dá a mọ̀. Bí kò bá dá a lójú, á ní kí wọ́n ṣí i. Kò tíì fẹ̀sùn kàn yín nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì Camry méjì tí ẹ fi fóòmù àti dúrọ́ọ̀mù aṣọ há láàárín, ó jọ pé òun ni "ìbọn" ọ̀hún. Ẹ fi packing list (ìwé tí ẹ to orúkọ ẹrù sí), rìsíìtì ẹ́ńjìnnì àti fọ́tò ọjọ́ tí ẹ kó ẹrù ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì. Ẹ bèèrè ẹ̀dà PAAR, ìwé àyẹ̀wò ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè ń fúnni, lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ya fọ́tò nọ́ńbà èdìdì ẹnu kọ̀nténà kí wọ́n tó já a, kí ẹ fi wé ti inú bill of lading, ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún yín lórí ẹrù. Tẹ́míná, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọgbà kọ̀nténà ní èbúté, máa ń gbowó tí wọ́n bá gbé kọ̀nténà jáde fún àyẹ̀wò, àmọ́ ìyẹn ní rìsíìtì. Èyí tí kò bá ní, owó ẹ̀gúnjẹ ni. Ẹ má sì jẹ́ kó fa ọ̀rọ̀ gùn, torí owó dìmọ́rééjì, owó ìjáfara kọ̀nténà, ń gorí ara wọn lójoojúmọ́.

Nígbà mìíràn, ẹ dá ẹ́ńjìnnì tò lọ́tọ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, ẹ má kó nǹkan bò ó.

Táyà àlòkù mẹ́rin tí ẹ kàn fẹnu bà ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí wa ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ti lò wà lára ẹrù tí ìjọba kà léèwọ̀. Ẹ sọ fún ajẹ́ńtì lónìí, kí wọ́n tó ṣí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá a lábẹ́ fóòmù láìsí nínú ìwé, ó lè kó bá gbogbo ẹrù yòókù.