Àbúrò tó fẹ́ dá wọ igbó àwọn Baka lóṣù Kejìlá, jọ̀ọ́ ka èyí ná

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. O ní ọmọ ọdún 26 ni ẹ́, London lo ń gbé, láti kékeré ni igbó kìjikìji ti ń wù ẹ́, o sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù Kejìlá nínú igbó Kamẹrúùnù níbi tí àwọn "pígímì" wà, ìwọ nìkan, pẹ̀lú GPS, o wá ń bi àwa ẹ̀gbọ́n pé ṣé ewu ẹranko pọ̀, kí lo máa dì lẹ́rù, ṣé àwọn ará ibẹ̀ á gbà ẹ́. Mo gbé apá ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo jìyà níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé mi ò fẹ́ kó o ṣe àṣìṣe tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ta sípéà páàtì ní Bertoua, ìlú kan lápá ìlà oòrùn Kamẹrúùnù, mo lọ bá a ní 2014. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ààpọ̀n, ààpọ̀n tá a fi ń se ọbẹ̀ nílé yìí náà, láwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Yokadouma sí Moloundou. Inú igbó nigi ẹ̀ wà, àwọn Baka, àwọn tó o pè ní pígímì yẹn, ló mọ ibẹ̀, péke ni wọ́n ń pè é. Tí oṣù Keje bá ti wọlé báyìí, odindi ẹbí á kó kúrò lójú títì lọ pàgọ́ sínú igbó, wọ́n á máa ṣa á, wọ́n á máa là á, wọ́n á máa yan án gbẹ lórí iná. Èmi tí mò ń ra ọjà wọn wá ní kí n tẹ̀ lé wọn lọ. Bí mo ṣe wọ igbó nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ni mo sọnù. Mo kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti lọ tọ̀ ni o, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, gbogbo igi ti jọra wọn, mi ò sì gbóhùn ẹnikẹ́ni mọ́. GPS inú fóònù mi ò dúró lójú kan torí ewé ti bo gbogbo òkè, oòrùn tó yẹ kí n fi mọ ibi tí mo kọjú sí, mi ò rí i, mo wá ṣe èyí tó burú jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré rìn. Mo rìn bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, mo jìn sínú àbàtà kan tó mù mí dé orúnkún, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi há sínú ẹrẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lásán, inú igbó ti ṣú. Mo jókòó sídìí igi ńlá kan, mò ń gbàdúrà, àfi bí mo ṣe gbọ́ gbì, gbì, gbì lọ́nà jíjìn. Bàbá tó mú wa wọ igbó ló ń fi kùmọ̀ lu gbòǹgbò igi, àwọn gbòǹgbò fífẹ̀ tó ń dúró bí ògiri yẹn, ìró ẹ̀ ń rìn jìnnà ju igbe èèyàn lọ. Èmi náà wá igi, mo lu tèmi padà. Nígbà tí bàbá dé ọ̀dọ̀ mi kò bá mi wí, ó já ewé, ó fi nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó yẹ ẹ́ wò bóyá ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ìgbà tí à ń padà lọ ló ń nàka sí àwọn igi wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó bá ti kọjá, orí wọn máa ń tẹ̀ síbi tó ń lọ. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń kọjá lára igi ṣíṣẹ́ yẹn, mi ò rí ẹyọ kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní má dá wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ẹni tó ni igbó ni kó o máa rìn, bó ṣe ń rìn ni kó o ṣe máa rìn, tó bá dúró, ìwọ náà dúró, má ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí. Tó o bá fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, sọ fún un. Tó o bá wá sọnù náà, jókòó síbi tó o wà kó o wá gbòǹgbò lù.

Ọ̀rọ̀ pígímì yẹn, fi sílẹ̀ ní London. Wọ́n fi ń bú wọn ni, àwọn aládùúgbò wọn tó ń dáko máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ẹrú. Baka ni wọ́n. Tó o bá sọdá odò Sangha sápá Olómìnira Àárín Áfíríkà, wàá bá àwọn Aka, àwọn náà lórúkọ tiwọn, èdè tiwọn. Ọ̀pọ̀ Baka ló ń gbé létí títì báyìí, torí láti bí ọdún 1950 sí 1960 nìjọba ti ń fa wọn jáde kúrò nínú igbó, síbẹ̀ inú igbó loúnjẹ àti oògùn wọn wà. Nígbà tí wọ́n wá sọ Lobéké, igbó kan lápá ibẹ̀, di páàkì ìjọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní 2001, àwọn tó ti ń wọ ibẹ̀ láti ayé bàbáńlá wọn ò lè déédéé wọ ọ́ mọ́. Ọdún 2019 nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn Baka pé kí wọ́n lè máa wọlé lọ ṣa nǹkan wọn. Fi ìyẹn sọ́kàn tí wọ́n bá fún ìwọ àlejò ní ìwé àṣẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ́fíìsì páàkì ní Mambele.

Owó ńkọ́? Ẹ jọ sọ iye ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ igbó, kó o sì san án lé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ẹ, má ṣe kó o fún ẹnì kan lábúlé pé kó bá ẹ pín in. Mo fojú mi rí i tí alágbàṣe kan gba owó lọ́wọ́ àlejò tó sì fi ọtí inú ọ̀rá méjì san fún ọkùnrin tó ru ẹrù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ká mi lára títí dòní. Má gbé ọtí lọ rárá. Iyọ̀, ọṣẹ, àdá tó dáa, ìyẹn ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lé lórí.

Ṣé wọ́n á gbà ẹ́? Wọ́n á gbà ẹ́. Ilé wọn ni kó o kọ́kọ́ wò, mongulu ni wọ́n ń pè é, obìnrin ló ń kọ́ ọ. Ìyàwó bàbá yẹn gún ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ yíká, ó tẹ̀ wọ́n bí igbá tá a dojú ẹ̀ dé, ó wá ń gé ìdí ewé díẹ̀díẹ̀, ó ń fi gbé e kọ́ ọ̀pá, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi lè máa yọ̀ láti orí ewé kan bọ́ sórí èkejì. Mo mú ewé kan wò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo, gbòdògì ni! Gbòdògì tí màmá mi fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín! Òjò ńlá rọ̀ lóru yẹn, tẹ́ǹtì tí mo fowó gidi rà jò, mo kó aṣọ mi lọ bá wọn nínú mongulu, ibẹ̀ gbẹ. Okùn tí wọ́n sì fi ń gun igi lọ kó oyin, igbà ni, bíi tàwọn ẹlẹ́mu wa gan-an, ìtàkùn inú igbó ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin wọn á wọ odò dé ìdí, wọ́n á máa fi ọwọ́ gbá omi, ó ń dún bí ìlù mẹ́ta tó ń dáhùn ara wọn. Mi ò ya fídíò ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo kàn dúró ni.

Àmọ́ tó o bá dé ọjọ́ tí Jengi, ẹ̀mí igbó wọn, ń jáde bí eégún, tó wọ mọ̀rìwò ọ̀pẹ́ láti òkè délẹ̀, fóònù ẹ nínú àpò. Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, o mọ ohun tí awo jẹ́. Ibi tí wọ́n bá ní kó o dúró sí ni kó o dúró.

Ẹranko tó o bi mí. Erin ni kó o bẹ̀rù, torí òun náà fẹ́ràn èso péke, ibi tí èso bá jábọ́ sí lọ́nà ẹ̀ gbà. Má sùn sábẹ́ igi tó ń so. Kẹ́ ẹ tó pàgọ́ náà, gbójú sókè wo ẹ̀ka tó ti kú, atẹ́gùn tó ń ṣáájú òjò ló ń já a lulẹ̀, àwọn Baka ò ní jókòó láìkọ́kọ́ wòkè. Ìjàlọ máa ń wá lóru, eérú gbígbóná ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ẹ̀, ìwọ ṣáà dìde kíá. Ìnàkí, má sún mọ́ ọn, òtútù tàbí ikọ́ lára tìẹ lè pa á. Ejò, mi ò rí ju mẹ́rin lọ láàárín ọdún mẹ́ta.

Ẹrù ò nílò àríyànjiyàn. Yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú), nẹ́ẹ̀tì, oògùn ibà, tọ́ọ̀ṣì méjì, aṣọ apá gígùn tó ń tètè gbẹ, àwọ̀n tó ń bo ojú torí àwọn oyin kéékèèké tí kì í ta máa kún ojú ẹ láti mu òógùn. Bàtà aláwọ fi sílé, ra Dschang shoes, bàtà rọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà Bertoua, omi ń wọlé ó ń jáde. Oṣù Kejìlá dáa fún ọ̀nà torí ẹ̀rùn ni. Lásìkò òjò wọ́n máa ń fi igi dábùú títì amọ̀ yẹn, kí tírélà agbégẹdú má bàa bà á jẹ́, èèyàn lè sùn síbẹ̀ ọjọ́ méjì.

Tó o bá dé Lobéké, lọ sí bai, ìyẹn gbalasa tó wà láàárín igbó, tí omi àti iyọ̀ ilẹ̀ wà, tí ẹranko ń jáde sí. Páàkì náà wà lára mẹ́ta tó pa ààlà pọ̀, Kamẹrúùnù, Kóńgò àti Àárín Áfíríkà, tí UNESCO kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní 2012. Dé orí pèpéle gíga tí wọ́n ń dúró sí wo ẹranko kílẹ̀ tó mọ́. Odídẹrẹ́ ni mo rí níbẹ̀, àbúrò mi, kì í ṣe ẹyọ kan inú àgò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni, wọ́n bà lulẹ̀ pa pọ̀, nígbà tí wọ́n tún fò dìde, gbogbo ìrù pupa yẹn là lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkóódẹ tá a fi ń ṣe adé ọba nìyẹn lára ẹni tó ni ín. Wọ́n ti kó wọn tà púpọ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹnu kò ní 2016 láti fòfin de títa àwọn tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Èyí tó kẹ́yìn, má fò ó. Eṣinṣin kan wà tó ń ta èèyàn lọ́sàn-án, èéfín iná igi ló ń fà á mọ́ra. Ó fi aràn Loa loa sí mi lára. Mo ti kúrò nínú igbó fún bí ọdún kan kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó ń yún, tó ń lọ fúnra ẹ̀, Calabar swelling ni wọ́n ń pè é, orúkọ Calabar tiwa níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wo dígí, mo rí nǹkan bí òwú funfun tó ń wọ́ kọjá lójú mi. Ẹnì kan ní ilé oògùn ti ń wá ivermectin fún mi, nọ́ọ̀sì kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dá a dúró. Tí ọmọ aràn yẹn bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ tó o wá lo ivermectin, bí wọ́n ṣe ń kú pa pọ̀ lè kọ lu ọpọlọ, èèyàn lè dákú lọ, ó lè pa èèyàn. Torí náà má fúnra ẹ lò ó. Tó o bá padà sí London, bí oṣù mélòó kan bá kọjá, sọ fún dókítà pé o ti wọ igbó Kamẹrúùnù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Ọ̀sán ni kí wọ́n gbà á, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn ló ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o wá lóru, ti jàkùtẹ̀ nìyẹn, sọ fún wọn pé Loa loa lò ń bi wọ́n.